Ta ló máa bá mi sáré ní páàkì ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ní Àbújá, láìgba kọ́bọ̀?

Iya_Gwarinpa:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní Àbújá, Gwarinpa là ń gbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe, láti inú mọ́tò bọ́ sórí àga, láti orí àga bọ́ sínú mọ́tò. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọsibítù, ni dókítà bá ní ó ti kọjá 140/90, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún padà lọ, bákan náà ló rí, ó kọ oògùn fún mi ó wá ní kí n máa rìn, kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀, pé oògùn nìkan ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Mo gbà. Ibi tí màá ti sáré yẹn ló wá di wàhálà.

Àdúgbò wa ò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, etí títì lẹ máa wà tí mọ́tò á máa kọjá lára yín fìì, tẹ́ ẹ bá sì tètè jáde kílẹ̀ tó mọ́ ajá á lé yín, ìyẹn tẹ́ ò bá pàdé ohun tó burú ju ajá lọ. Ọkọ mi ní òun ò gbà kí n dá jáde láago márùn-ún ààbọ̀, mi ò sì bá a jiyàn. Jíìmù tó wà nítòsí wa, mi ò ní sọ iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo sanwó fún eré sísá kan tí wọ́n ṣe nílùú níbí, 10 kìlómítà, wọ́n fún wa ní tíṣáàtì àti nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, inú mi dùn débi pé mi ò sùn mọ́jú. Èmi ni mo gbẹ́yìn. Pé mo gbẹ́yìn ò dùn mí o, ọ̀nà tí àwọn tó ṣíwájú gbà lèmi náà gbà, mi ò gé e kúrú. Àmọ́ nígbà tí màá fi débi tí eré parí sí wọ́n ti kó gbogbo nǹkan lọ, kò sómi, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kú iṣẹ́, àwọn tó ń tú kánópì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan mo sunkún. Láti ọjọ́ náà mi ò tíì wọ kánfáàsì yẹn mọ́.

Àbúrò mi obìnrin tó wà nílùú ọba ló wá ń sọ fún mi nípa parkrun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, inú páàkì, 5 kìlómítà, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó fẹ́ sáré á sáré, ẹni tó fẹ́ rìn á rìn. Ó ní ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa rìn lẹ́yìn ẹni tó gbẹ́yìn lọ. Mo ní kó tún ìyẹn sọ fún mi.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí: ṣé ẹnikẹ́ni mọ irú ẹ̀ ní Àbújá níbí? Tí kò bá sí, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tiwa, láìlówó, láìní ẹgbẹ́, láìmọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọba? Mò ń ro Jabi Lake tàbí Millennium Park. Èmi àtàwọn aládùúgbò mi méjì ti wà nílẹ̀, a di mẹ́ta.

---

OmoEkiti_Lokogoma:

Ẹ kú àárọ̀ mà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an ni. Mo ṣiṣẹ́ ní Johannesburg fún ọdún mẹ́rin kí n tó padà wálé, parkrun yìí ló sì sọ mí dẹni tó ń sáré, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Sinton-Hewitt ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Bushy Park ní London, October 2, 2004. Eléré ni, ó fara pa kò lè sáré mọ́, kò sì fẹ́ kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pínyà, ló bá ní kí wọ́n wá máa sáré, òun á máa ka àsìkò fún wọn. Ẹni mélòó ló sáré lọ́jọ́ náà? 13. Ẹ̀yin ti ní mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún èèyàn tó bá dé òpin nígbà yẹn, wáṣà onírin ni, èyí tí wọ́n fi ń di bóòtù, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Ibòmíì kejì tí wọ́n ti ń sáré báyẹn ò sí títí di 2007.

Ní Gúúsù Áfíríkà, Bruce Fordyce ló gbé e dé lọ́dún 2011, Delta Park ní Johannesburg ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn gba Comrades lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, eré tó tó 90 kìlómítà o, àmọ́ ohun tó wá ń pe gbogbo ayé sí ni 5 kìlómítà tí ìyá àgbà lè fi ọ̀pá rìn parí. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún yín ní bákóòdù, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé tàbí kẹ́ ẹ gbé e sórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti sáré dé òpin wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kékeré tó ń sọ ipò yín, ẹ gbé e pẹ̀lú bákóòdù yín fún ẹni tó ń fi fóònù yà á, tó bá di ọ̀sán àsìkò yín á ti wọlé. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń ka àsìkò, ẹni tó ń fún èèyàn ní nọ́ńbà, ẹni tó dúró ní kọ́nà kéèyàn má ṣìnà, kò sẹ́ni tó ń gbowó nínú wọn, eléré ni wọ́n, ẹni tó sáré lọ́sẹ̀ yìí lè dúró ní kọ́nà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àti ẹni ẹ̀yìn tí àbúrò yín sọ yẹn, òótọ́ ni, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè gbẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn ló ń gbẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ báyẹn ni, kò tijú.

Gúúsù Áfíríkà, Namibia àti Eswatini ni mo mọ̀ pé ó wà nílẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ wọn ni parkrun, orúkọ tí òfin dáàbò bò fún wọn ni, torí náà ká má lo orúkọ yẹn fún tiwa. Ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní Eré Sátidé.

---

BabaLugbe:

Mi ò fẹ́ tutọ́ sí ọbẹ̀ yín o, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ti tó ọdún méjìdínlógún nílùú yìí, mo sì ti rí nǹkan ọ̀fẹ́ tó pọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí: oṣù àkọ́kọ́ gbogbo wa la wà níbẹ̀, oṣù kejì ẹnì kan á ní ká dá owó omi, oṣù kẹta wọ́n á yan alága àti akọ̀wé, oṣù kẹrin olóṣèlú kan á fún wa ní tíṣáàtì tí àwòrán ẹ̀ wà láyà, tó bá di oṣù karùn-ún ìjà ti dé lórí ta ló gbowó lọ́wọ́ olóṣèlú. Ó dùn mí ni mo ṣe ń sọ ọ́, torí mo wà nínú irú ẹ̀ rí.

Ìkejì, àwa tá à ń gbé Lugbe, Kubwa, Nyanya ńkọ́? Láti 2006 ni wọn ò ti gba ọ̀kadà láyè láàárín ìlú, láago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ẹ ò mọ irú mọ́tò tẹ́ ẹ máa wọ̀, wán ṣáànsì pọ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò lè ní kí ọmọ mi obìnrin wọ mọ́tò lójú òkùnkùn torí pé ó fẹ́ lọ sáré.

Ìkẹta ni èyí tó wúwo jù. Tí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa mú?

---

Iya_Gwarinpa:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ò tutọ́ sí nǹkan kan, ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an lẹ sọ yẹn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn pàápàá, mo ti ń rò ó lóru. Ṣé ẹ̀yin oníṣègùn wà níbí, ẹ jọ̀ọ́?

---

Alhaja_Kaduna:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kémi náà dá sí i. Kàdúná ni mo wà, wọ́n bí mi síbẹ̀, ará Ọ̀ffà làwọn òbí mi. Àwa obìnrin mẹ́sàn-án kan ti ṣe irú ẹ̀ ní Murtala Square níbí. A máa kírun àsùbáà, ká mú nǹkan díẹ̀ sẹ́nu, ká pàdé lẹ́nu géètì tílẹ̀ bá ti là. Mo ń fi híjáàbù sáré, ṣòkòtò gbọọrọ àti kánfáàsì, híjáàbù fúyẹ́ tó máa ń gba atẹ́gùn, kò dí mi lọ́wọ́ rárá, ẹ sọ fún àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó wà lọ́dọ̀ yín pé kí wọ́n jáde. Ohun tí àwọn obìnrin wa ń sá fún ni ojú. Tó bá jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ni, tí àwọn ìyá náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wo ẹnì kan lọ́tọ̀.

Bàbá Lugbe, ẹ sọ òótọ́, mo fẹ́ sọ ibi tí tiwa ti bàjẹ́ torí mi ò fẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe olóṣèlú. Aṣọ ni. A ti dé bí èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n nígbà tẹ́nì kan sọ pé ó yẹ ká ra aṣọ kan náà, kó lè máa dáa nínú fọ́tò. Gbogbo wa fọwọ́ sí i, inú wa dùn, ẹ mọ àwa Yorùbá pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn tí kò rówó aṣọ yẹn san ò sọ nǹkan kan. Wọn ò kàn wá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ta kókó lẹ́bàá ilé wa, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, mo pè é, ó ní ara òun ò yá. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé aṣọ ni. Nígbà tá a fi máa fagi lé aṣọ náà eré ti tú. Ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, kí olúkúlùkù wọ ohun tó bá ní. Ẹni tó bá ní sálúbàtà nìkan kó fi rìn.

---

OmoEkiti_Lokogoma:

Alhaja, ọ̀rọ̀ yín yìí ti tó fún wa. Bàbá, lórí owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Lọ́dún 2016, parkrun kan wà ní Little Stoke lẹ́bàá Bristol nílùú ọba, ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ni páàkì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀ ń bàjẹ́. Owó tí wọ́n fẹ́ ò pọ̀. Àwọn parkrun ní àwọn ò san, kì í ṣe pé wọn ò lè rí i, tí wọ́n bá san níbì kan wọ́n á san níbi gbogbo, ọ̀fẹ́ ti parí nìyẹn. Wọ́n pa ti Little Stoke yẹn tì pátápátá. Àwọn èèyàn bínú sí àwọn méjèèjì nígbà yẹn, àmọ́ lójú tèmi wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a ò gbọdọ̀ ní àpò owó rárá. Kò sí alága, kò sí akanti, kò sí owó omi, kí kálukú gbé omi tiẹ̀ wá. Olóṣèlú tó bá wá, kó wá sáré. Ibi tí kò sówó ìjà ò ní ibi tó máa jókòó sí.

---

NurseKaru:

Ẹ kú ilé o, nọ́ọ̀sì ni mí, ìyá oní-BP, èmi ni mo jẹ́ ìpè yín.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀nba tó tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Sátidé kan ò lè fún yín ní gbogbo ẹ̀, torí náà ẹ máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn láàárín ọ̀sẹ̀, kódà nínú kọ́ńpáùn. Ní páàkì, ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn méjì, ẹ tún sáré kan. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò pọ̀ jù: ẹ lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, ẹ dín eré kù. Oògùn yín, ẹ ò gbọdọ̀ fò ó torí pé ẹ ti ń sáré. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ bá gòkè tó 180/110 lọ́jọ́ yẹn, ọsibítù ni kó lọ, kó má dé páàkì.

Ọyẹ́ ńkọ́. Láti December sí February eruku máa ń pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí òkè Aso, àwọn tó ní ikọ́ fée kí wọ́n mú oògùn tí wọ́n ń fà símú (inhaler) dání, tí eruku bá sì nípọn kí wọ́n jókòó sílé lọ́sẹ̀ náà, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ àti àìmumi ò dáa fún àwọn tó ní àrùn síkù sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n wọ aṣọ tó nípọn, kí wọ́n mumi kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n máa rìn dípò eré. Tó bá di March ooru ló tún kù, kí gbogbo yín ti kúrò nínú oòrùn kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Bàbá Lugbe, ẹni tó ṣubú lẹ béèrè. Kí èèyàn bíi mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà, mo lè kọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, àárín àyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́nì kan sì máa pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, lákòókò kan náà, kí mọ́tò kan wà lẹ́nu géètì tí ẹni tó ni í mọ ọ̀nà ọsibítù tó sún mọ́ jù. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí òfin, àmọ́ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣe ohun tó yẹ. Àwọn tí mo rí tí wọ́n kú, ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sí, lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò mọ̀ pé ó wà lára wọn ló pa wọ́n.

---

Kubwa_Runner:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é gan-an, ẹ gbọ́, torí mo ti yẹ àwọn ibi yẹn wò.

Millennium Park dáa púpọ̀, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i ní 2003, ọ̀nà ẹ̀ gún, igi pọ̀. Jabi náà dáa, atẹ́gùn omi ń fẹ́ síni lójú. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kí èèyàn méjì lọ bá àwọn tó ń bójú tó o láàárín ọ̀sẹ̀, lójúkojú, kẹ́ ẹ sọ pé kò sí kánópì, kò sí gbohùngbohùn, kò sí ohun títà, a fẹ́ sáré ká sì lọ ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn páàkì kan máa ń gbà á. Tí wọ́n bá ní dandan lowó, ẹ wá ibòmíì. Níta pápá ìṣeré Moshood Abiola náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré níbẹ̀ láàárọ̀, ojú ti mọ́ wọn lára.

Ẹ má ṣe ọ̀nà kan gbọọrọ tó máa gbé èèyàn lọ jìnnà. 1 kìlómítà ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ní bó ṣe ń sú àwọn tó yára, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní dá wà níbi tójú ò tó o, ìyẹn ló jà jù ní Àbújá yìí, omi àti ẹrù yín á sì wà lójú kan, ẹni tó bá rẹ̀ á yà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì láìsí pé ó há síbì kan. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù wọn ọ̀nà, ó máa ń ṣì í díẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ ológeere kan, ẹ fi okùn wọn yípo táyà ẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ máa tì í ẹ máa kà. Tí yípo ẹ̀ bá jẹ́ mítà 2, tẹ́ ẹ bá kà á dé 500, 1 kìlómítà nìyẹn. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é.

Aago: 7:00 ni kẹ́ ẹ fi sí. Ní January ó máa ń tó nǹkan bí aago méje kú ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn tó yọ níbí, torí náà tẹ́ ẹ bá ní 6:00 ẹ ti pe àwọn ará Lugbe àti Nyanya jáde sínú òkùnkùn. Bàbá, 7:00 ló dáhùn ìbéèrè yín kejì. Kí aago náà má yí padà láé, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, kódà tó bá jẹ́ èèyàn méjì ló wá. Ohun tó ń pa nǹkan báyìí ni káwọn èèyàn máa béèrè lórí WhatsApp lálẹ́ Fráìdé pé ṣé ó ṣì wà lọ́la.

Ká tó kúrò, ká ṣa gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà níbẹ̀, tiwa àti èyí tá a bá níbẹ̀. Àwọn olùṣọ́ páàkì á máa yọ̀ mọ́ wa nìyẹn.

---

BabaLugbe:

Ó dáa. Mo ti gbọ́ ti aago, mo ti gbọ́ ti owó. Mo ní kẹ̀kẹ́ nílé, ti ọmọ mi ni, mo lè gbé e sẹ́yìn mọ́tò wá fún wíwọ̀n yẹn. Kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ fún mi.

---

Iya_Gwarinpa:

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo lọ sí Jabi lánàá lẹ́yìn iṣẹ́, mo bá ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì sọ̀rọ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kí n rí ọ̀gá òun. Kubwa_Runner, tẹ́ ẹ bá ráyè ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi lọ.

Sátidé yìí ká wọn ọ̀nà, èyí tó ń bọ̀ ká bẹ̀rẹ̀, aago méje géérégé. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀.

---

NurseKaru:

Rárá mà. Ẹ má bínú. Ẹni ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ara ẹ̀ le, tó lè sáré lọ pe èèyàn, tí fóònù ẹ̀ ní owó ìpè. Ẹ̀yin ṣì ń gba oògùn tuntun. Èmi ni màá wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ẹ lọ síwájú ní ìwọ̀n tara yín bá gbé, màá máa gbọ́ ohùn yín. Tó bá di oṣù mẹ́ta, tí BP yín bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

---

Iya_Gwarinpa:

Mo ti gbọ́ mà. Mo ti yọ kánfáàsì yẹn síta láti sá a sóòrùn.

---

Adunni_Nyanya:

Ẹ káalẹ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo ẹ̀ tán. Mo fẹ́ wá pẹ̀lú ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣé ẹnì kan wà tó ń ti Nyanya tàbí Karu bọ̀ tó ní àyè méjì nínú mọ́tò? A máa ti dúró láago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú.

---

NurseKaru:

Àyè wà. Ẹ fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.